Mọ́tò Òfìfo Kì í Wu Èrò

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni, ṣùgbọ́n ó kan mẹ̀kúnnù pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá dá kíláàbù gọ́ọ̀fù tuntun sílẹ̀, báwo ni yóò ṣe rí ọlọ́lá kó jọ sínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí Gáráàjì Ìkòròdú, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mọ́tò bá wà lórí ìlà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, èrò á wò ó, á kọjá lọ. Agbèrò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, á ní kí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò re ibì kankan wọlé jókòó. Èrò tòótọ́ á rí orí nínú mọ́tò, á ní, "Èyí máa tó gbéra." Bí ó bá ti jókòó tán, àwọn ará ibí á bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń kánjú wá di ẹni tí ń retí.

Kíláàbù tuntun, mọ́tò òfìfo ni. Kò sí olówó tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jókòó. Àwọn tí yóò bá pàdé lórí koríko ni ó ń wò, kí ó tó wo koríko fúnra rẹ̀.

Ìyà yìí ti jẹ àgbà rí. Ní Augusta ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Bobby Jones àti Clifford Roberts dá kíláàbù kan sílẹ̀. Jones yìí ni ó gba ìdíje gọ́ọ̀fù mẹ́rin tí ó ga jù lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo, 1930. Pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, tí wọ́n sì ń retí ọmọ ẹgbẹ́ 1,800, àwọn tí ó wọlé kò tó 100 nígbà tí 1934 dé, nítorí ọ̀dá owó ti mú gbogbo ayé. Kí ni wọ́n ṣe? Ní 1934 náà, wọ́n pe àwọn ògbóǹtagí wá díje lórí pápá wọn. Ìdíje náà ni ayé ń pè ní Masters títí di òní. Ayò dáradára ni ó pe ènìyàn wá, kì í ṣe géètì.

Lọ́dọ̀ tiwa, Ọmọba Tunde Ponnle, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ wáyà MicCom sílẹ̀, ṣe pápá gọ́ọ̀fù pọ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí ìlú Àdá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí kò mọ igi gọ́ọ̀fù mú lè sùn níbẹ̀ kí ó sì sanwó. Ní Lakowe, lójú ọ̀nà tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́, pápá oníhò 18 wà láàárín ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n ń tà: ilé ń fa olówó wá sí pápá, pápá náà ń fi kún iye ilé. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé owó ọmọ ẹgbẹ́ nìkan kò lè bọ́ pápá.

Ẹ wò ó, pápá oníhò 18 lè gba ilẹ̀ éékà 120 sí 200. Koríko rẹ̀ ń fẹ́ omi lọ́gbẹlẹ̀, ó ń fẹ́ gọ́tà lójò, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ, epo, àti òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù. Bí ènìyàn kò bá pé, ọgọ́ta ènìyàn ni yóò máa gé koríko tí ó yẹ kí irínwó gé.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún olùdásílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Kí ó parí ihò mẹ́sàn-án ná, kí àwọn tí ó mọ gọ́ọ̀fù ní Ìkẹjà àti Ìkòyí wá gbá a, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ròyìn. Kí ó máa ka ìṣirò owó sétí ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Olówó kò di olówó nípa fífi owó sọ̀kò. Kí ó sì ṣílẹ̀kùn. Ikoyi Club 1938, àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ wà fún. Augusta kò gba ènìyàn dúdú kankan títí di 1990, kò sì gba obìnrin títí di 2012. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ọlọ́jà kan lè lówó ju ọ̀gá báńkì lọ. Kíláàbù tí kò bá fún un ní àga, owó ni ó tì síta.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá wá fi fọ́ọ̀mù lọ̀ ńkọ́? Ẹ má wo orúkọ gbajúmọ̀ tí wọ́n tò sínú ìwé. Wọ́n lè jẹ́ èrò agbèrò. Ẹ béèrè bóyá àwọn náà sanwó. Ẹ béèrè ohun tí owó yín rà: ṣé ìpín nínú ilẹ̀ ni, àbí àyè láti wọlé gbá bọ́ọ̀lù? Kí ẹ sì mú ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn sọ̀fíyọ̀ ní Aláùsá, nítorí láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba sì ti fi àmì sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní agbègbè Ìbẹ̀jú àti Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ rántí àgbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọmọ ìlú ni yóò kọ́kọ́ ríṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà, àpò igi ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ rù. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ lónìí, a kò ní rí i tọ́ka sí lọ́la.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.