Ìlera Ìdílé: Àrùn Inú Ìfun Ẹran Ọ̀sìn Àti Ti Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí jẹ mọ́ ìgbẹ́ gbuuru tí ó máa ń dá tọmọdé tàgbà dùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹyin tàbí ẹran tí kò jinná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsàn ẹran ọ̀sìn kò kan ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ọdún 1885, àrùn kan ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Theobald Smith, tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ oníṣègùn ẹranko tí ń jẹ́ Daniel Salmon, rí kòkòrò kan lára àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà. Wọ́n rò pé òun ni ó ń pa wọ́n. Nígbà tí ó yá, ó hàn gbangba pé fáírọ́ọ̀sì ni apànìyà náà, ṣùgbọ́n kòkòrò tí Smith rí kì í ṣe ẹni rere. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: Salmonella. Oríṣi rẹ̀ ju 2,500 lọ. Èyí tí ó ń fa ibà taifọ́ọ̀dù, ara ènìyàn nìkan ni ó ń gbé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn yòókù ń gbé inú ìfun adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọ inú oúnjẹ wa.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé adìẹ tí ó ní kòkòrò náà lè máà ṣàìsàn. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó sì ń yé. Oríṣi kan tí à ń pè ní Salmonella Enteritidis lè wọ inú ẹyin kí èèpo tó bò ó. Kòkòrò tí ó ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Bí a fọ èèpo títí di alẹ́, ohun tí ó wà nínú kò ní kúrò; iná ni ó lè pa á.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, Edwina Currie, ọ̀kan nínú àwọn mínísítà ètò ìlera ní Bìrìtìkó, sọ pé púpọ̀ jù lọ nínú ẹyin ilẹ̀ náà ni kòkòrò yìí ti bà jẹ́. Ọjà ẹyin dà wó, àwọn àgbẹ̀ fárí gá, kí oṣù náà tó parí ó ti fi ipò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀ràn náà mọ sí ariwo. Láti ọdún 1998, àwọn àgbẹ̀ tí ń lu òǹtẹ̀ kìnnìún sára ẹyin wọn ń fún adìẹ ní àjẹsára, wọ́n sì ń tọ́jú ilé adìẹ. Àìsàn náà dín kù gan-an. Ní ọdún 2017, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ níbẹ̀ sọ pé aboyún àti ọmọ ọwọ́ pàápàá lè jẹ ẹyin tí ó ní òǹtẹ̀ náà láìjẹ́ pé ó jinná tán.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó dà bí ẹni pé ó yá, àmọ́ tí ó léwu: kí a máa da oògùn tí ń pa kòkòrò sínú omi àti oúnjẹ ẹran tí ara rẹ̀ le. Àwọn kòkòrò tí kò lágbára á kú, àwọn olóríkunkun á kù, wọn á sì máa bí sí i. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde pé àwọn rí kòkòrò inú ìfun, lára ẹlẹ́dẹ̀, nínú ẹran tútù àti lára àwọn aláìsàn, tí colistin kò ràn mọ́. Colistin yìí wà lára oògùn tí dókítà ń fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, nígbà tí àwọn yòókù bá ti kùnà. Èyí tí ó burú jù ni pé kòkòrò kan lè fún òmíràn ní agbára náà, bí ẹni ya aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́. Ní ọdún 2017, Ṣáínà fòfin de fífi colistin sínú oúnjẹ ẹran láti mú un sanra. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòpin sí irú àṣà bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2006.

Kí ni kí àwa ṣe nínú ilé? Ẹ jẹ́ kí a se ẹyin títí pupa rẹ̀ yóò fi le, kí a sì se ẹran kí ó jinná dé egungun. Ọ̀bẹ tí a fi gé adìẹ tútù, ẹ má fi gé tòmátì kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọwọ́ bí wọ́n bá ti ibi ilé adìẹ bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ bi oníṣègùn ẹranko léèrè kí ẹ tó fún wọn ní oògùn, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹran tàbí ẹyin wọn.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì dé, ẹ má sáré ra kápúsù. Omi ni ó ń gbẹ lára ọmọ. Ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí, kí orí ṣíbí dọ́gba, mọ́ omi mímọ́ lítà kan, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ibà bá ga, tàbí tí ọmọ kò lè mu mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́gán.