Ọ̀rọ̀ Ẹ̀wọ̀n Kì í Ṣe Ti Lọ́yà Nìkan

Tí akẹ́kọ̀ọ́ Public Admin bá ti ní òun fẹ́ ṣe máásítà nínú ìmọ̀ ìdájọ́ ọ̀daràn, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. "Ṣé ọlọ́pàá lo fẹ́ ṣe ni? Ṣebí iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn?" Ẹ̀rín yẹn ti sú wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà. Nínú ẹni mẹ́wàá tó wà níbẹ̀, ó lé ní mẹ́fà tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Ìdájọ́ ni wọ́n ń retí. Ṣé àìsí òfin ló há wọn mọ́bẹ̀? Rárá o. Èkó ti ṣe òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tirẹ̀ láti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe tiwọn, ACJA, lọ́dún 2015. ACJA ní kí ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá máa ròyìn àwọn tí wọ́n mú láìsí ìwé àṣẹ fún majísíréètì lóṣooṣù. Ó ní kí majísíréètì náà máa yẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù. Ó ní kí ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n máa kọ orúkọ àwọn tó ti ń retí ìdájọ́ kọjá 180 ọjọ́ ránṣẹ́, ní ọjọ́ 90 sí ọjọ́ 90.

Àkọsílẹ̀, ìròyìn, àbẹ̀wò, kíka ọjọ́: ta ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ wọ̀nyí bí kì í bá ṣe àwa? Fáìlì sọnù láàrin àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ sí kóòtù kò ní epo. Wọ́n gbé ọlọ́pàá tó ṣèwádìí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kí ẹjọ́ tó parí. Èwo ló nílò wíìgì lọ́yà nínú ìwọ̀nyí? A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ẹ wo ìgbìmọ̀ tí apá 469 òfin náà gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e. Àga wà fún adájọ́, fún ọlọ́pàá, fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n, fún amòfin, fún ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn. Wọn ò ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìṣàkóso.

Wọ́n ní a ò mọ òfin. Ìdí tí a fi fẹ́ lọ kọ́ ọ nìyẹn! A ò ní ká dìde rojọ́ níwájú adájọ́. Ohun tí a ní ni pé ẹni tó máa tún ètò ṣe gbọ́dọ̀ mọ òfin tí ètò náà ń tẹ̀ lé. Lọ́dún 2023, àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa fún àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwọn. Tí Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì bá fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, ta ló máa ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Ta ló máa gba òṣìṣẹ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má sé ilẹ̀kùn máásítà yìí mọ́ wa. Tí òfin tí a kọ́ bá kéré lójú yín, ẹ fi kọ́ọ̀sì òfin méjì kún un fún wa ní sáà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń wá àkòrí project, ẹ lọ jókòó sí kóòtù majísíréètì tó wà nítòsí yín. Ẹ ka iye ẹjọ́ tí wọ́n sún síwájú, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́wọ̀n láìrí adájọ́ kò ní bèèrè bóyá lọ́yà lẹni tó bá a wá fáìlì rẹ̀ rí.