Ẹni Tó Mọṣẹ́ Jù Kọ́ Ló Mọ Èèyàn Darí Jù

Ohun tó wọ́pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ni pé ẹni tó mọ kóòdù kọ jù, tàbí tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe jù, ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá. Wọ́n á fi kún owó oṣù rẹ̀, wọ́n á kó èèyàn mẹ́jọ sábẹ́ rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ohunkóhun. Lójú tiwa, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹni náà, àti àwọn mẹ́jọ yẹn pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ nǹkan ṣe, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kó darí àwọn tó ń ṣe é. Kóòdù tó bá bàjẹ́ kò ní ṣe ojú ayé. Èèyàn ńkọ́? Á ní "kò sí wàhálà, ọ̀gá," bẹ́ẹ̀ ó ti ń wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Ní 2002, àwọn tó dá Google sílẹ̀, Larry Page àti Sergey Brin, dán an wò bóyá àwọn ẹnjiníà wọn lè máa ṣiṣẹ́ láìsí máníjà. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n fi pa á tì, torí ọ̀rọ̀ owó tí òṣìṣẹ́ ná àti ìjà àárín òṣìṣẹ́ ti ń dé iwájú Page fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n pè ní Project Oxygen láti mọ ìwà tó ń sọ èèyàn di ọ̀gá rere. Mẹ́jọ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Mímọ bí a ṣe ń tọ́ èèyàn sọ́nà ló ṣe ipò kìíní. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló gbẹ̀yìn. Google là ń sọ o, ibi tó jẹ́ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń jẹun! (Ó ṣì wà nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣá, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé kò wúlò.)

Èyí tó le jù láti kọ́ ni fífi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ wo ọ̀gá télọ̀ tó máa ń gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ nígbàkigbà tí aṣọ olówó ńlá bá dé. Aṣọ yẹn á dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ lè lo ọdún mẹ́ta kó má mọ aṣọ gé.

Àwọn kan ní ẹnu iṣẹ́ náà lèèyàn á ti kọ́ ọ. Ó dáa, orí ta ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ fífá? Kí wọ́n tó fún èèyàn lóyè, kí wọ́n fún un ní ẹnì kan péré kó tọ́ sọ́nà, lábẹ́ ojú ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì wù láti darí, kí owó tirẹ̀ náà lè gòkè nídìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń ka Yorùbá náà, nítorí púpọ̀ nínú wa ló máa lọ ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ tàbí olóòtú. Ẹni tó mọ àmì ohùn jù láàárín wa ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ṣe olórí. Bó bá dé ibẹ̀, kó má fi òru tún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Kó pe ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n jọ jókòó ti ojú ewé kan ṣoṣo, kó sì jẹ́ onítọ̀hún ni yóò di bírò mú.