Balógun Tí Kò Rí Ogun Rí

Ìbàdàn kò ní ìdílé ọmọ ọba. Agbára apá ẹni ló ń gbé ni dépò nígbà tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Ogun Kírìjì tú ká ní 1893, oyè ogun kò tú ká. Lónìí, Jagun ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ìlà Ọlúbàdàn àti ti Balógun. Bí ẹni iwájú bá papò dà, ẹni ẹ̀yìn a sún sókè.

Àwọn kan ní ayédèrú ni Balógun ìsinsìnyí. Èmi kò gbà. Ètò tí kì í jẹ́ kí ìlú dàrú bí ọba bá wàjà, ọgbọ́n ogun náà ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni Jagun: ibẹ̀ nìkan ni a ti lè yan akọni. Bí a bá fi owó ta ẹnu ọ̀nà, ta ni yóò ṣọ́ ilé?