Pọ́n-ùn Nàìjíríà àti Ìkánjú Ìyípadà Owó
Bí ìjọba bá fi ìkánjú yí owó padà, ẹni tó jìnnà sí báńkì ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù. Ìtàn pọ́n-ùn Nàìjíríà jẹ́rìí sí i. Oṣù keje ọdún 1959 ló jáde, ó ku ọdún kan àti díẹ̀ kí a gba òmìnira, ó sì rọ́pò owó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Kò pé ọdún 14 tí náírà fi gba ipò rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973: pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Ìṣirò yẹn kò le fún ìyá ọlọ́jà. Èyí tó le ni ti oṣù kìíní ọdún 1968, nígbà tí ìjọba ológun fagi lé owó bébà tó wà níta kí Biafra, tó ń bá Nàìjíríà jagun nígbà náà, má baà rí i ná. Ọ̀rọ̀ ogun nìyẹn, a gbà. Àmọ́ kò sí ogun abẹ́lé bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí ìyípadà owó bébà mú kí náírà wọ́n bí ojú, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi pàṣẹ pé kí a ṣì máa ná ti àtijọ́. Owó tí àgbẹ̀ Ìlobù tàbí Ifọ̀n-Ọ̀ṣun fi pamọ́ sílé kì í ṣe owó olè. Kí àwọn aláṣẹ tó ń ṣàkóso owó fi òfin de ara wọn: àkókò tó gùn, àti pàṣípààrọ̀ tó dé ọjà àti abúlé, kí wọ́n tó pa owó kankan rẹ́.