Ẹ Má Ṣe Fi Ipá Fa Èjìká Tí Ó Gan

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ń bẹ tí í dènà de ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún, pàápàá àwọn ìyá wa, tí í sì sọ ọwọ́ tí ó ti ń tó pẹpẹ láti ọjọ́ pípẹ́ di èyí tí kò lè tó o mọ́. Èjìká gígan ni mo ń wí. Obìnrin tí ó bá mú kò ní lè gbé apá sókè wé gèlè, kò ní lè dá ọwọ́ sẹ́yìn di ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú kí ó tó fi ọ̀já gbà á, bí ó bá sì fi ẹ̀gbẹ́ náà lélẹ̀ lóru, ìrora kò ní jẹ́ kí oorun kùn ún. Àpò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo oríkèé èjìká ni ó wú, tí ó nípọn, tí ó sì sún kì. Àtọ̀gbẹ sì wà lára ohun tí í ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí náà kí ẹni tí ó bá ṣe yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé, bí ìrora bá ti dé, ẹni tí yóò fa ọwọ́ náà títí yóò fi dún là ń wá kiri; àwọn mìíràn á sì fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn fún oṣù púpọ̀, kí ó má baà mì rárá. Kò sí èyí tí ó dára nínú méjèèjì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn oníṣègùn pín aláìsàn 77 sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004: àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá tí kò kọjá ibi tí ara wọn gbà, àwọn yòókù ni a ń na èjìká wọn kọjá ìrora. Nígbà tí ọdún méjì pé, ìdá 89 nínú 100 àwọn tí a fi sùúrù tọ́jú ni èjìká wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ̀ sípò pátápátá. Ìdá 63 péré ni ti àwọn tí a fi ipá nà.

Kí a kọ́kọ́ fi tọ́wẹ̀lì gbígbóná lé èjìká kí ó lè dẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí aláìsàn fi ọwọ́ tí kò dùn ún ti tábìlì, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó jẹ́ kí ọwọ́ kejì so rọ̀, kí ó sì máa fi ara mì ín síwá sẹ́yìn, bí Codman, oníṣẹ́-abẹ ará Boston tí ó sọ àìsàn yìí lórúkọ ní 1934, ti kọ́ni. Kí ó dojú kọ ògiri, kí ó máa fi ìka rìn gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dúró níbi tí ìrora bá ti fẹ́ gbóná. Iṣẹ́ tí ó kù di ti oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ẹni tí ó mọ bí a ti í rọra ti orí eegun apá sẹ́yìn nínú ihò rẹ̀, kí apá lè tún yí síta. Ìgbà tí ìrora bá rọlẹ̀, tí ó ku gígan nìkan, ni a tó lè nà án jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè gba ọdún kan, ó lè gba mẹ́ta.

Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí láti ọdún 1966, síbẹ̀ ilé ìwòsàn ńláńlá inú ìgboro ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Mo bẹ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa, kí wọ́n fi ẹnì kan, ó kéré tán, sí ilé ìwòsàn ìjọba ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.