Ẹran tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò

Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Síbẹ̀, kò sí ìyá tí kì í ka tirẹ̀. Lálẹ́, tó bá ń bu ọbẹ̀, ẹran ló ń kà. Bí gbogbo ọmọ bá ti gba tiwọn tí ẹyọ kan ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìkòkò, kíá ni yóò bèèrè pé, "Ta ni kò tíì wọlé?" Ìbéèrè yìí ni Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bi àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ nípa àwọn ọmọ àgbàtọ́ kan láti ọdún 2015.

Àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba, tí wọ́n lé ní 80,000, ni wọ́n ń kà lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ilé-ìwé ìjọba ń ka akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó bọ́ sẹ́yìn ni àwọn tí òbí fúnra wọn fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òfin ní bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí tàbí ìbátan tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Òfin ṣì wà. Iye wọn jákèjádò ilẹ̀ náà ni wọn kò gbé jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Láti nǹkan bí ọdún 1955, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tí iṣẹ́ àti ìwé kò jẹ́ kí wọ́n ráyè gbé ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá alágbàtọ́. Àwọn òyìnbó ní Kent, Essex àti Sussex gba ọmọ wọn tọ́. Àwọn kan rí ìyá kejì níbẹ̀. Ti àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n fi sọ́dọ̀ òyìnbó ní Tilbury, sọ tirẹ̀ nínú fíìmù Farming ní 2018: ọmọ Yorùbá tó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ débi tó fi ń bá ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń lu aláwọ̀ dúdú rìn. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Ìgbàgbọ́ yẹn ni àwọn òbí gbé wọ ọkọ̀ òkun. Igba ojú náà kò bá wọn wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 2000, Victoria Climbié, ọmọ ọdún 8 láti Ivory Coast, kú ní London lọ́wọ́ ìbátan tó jìnnà tí òbí fi í lé lọ́wọ́ kó lè kàwé. Kò wọ ilé-ìwé kankan níbẹ̀, nítorí náà kò sí olùkọ́ tó pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ kó má gbọ́ ìdáhùn. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe lórí ikú rẹ̀ fi hàn ní 2003 pé, ó kéré tán, ìgbà 12 ni àwọn tó yẹ kó gbà á là ní àǹfààní rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní iye tí wọ́n ń kó tẹ́lẹ̀ kò pé, torí ọ̀pọ̀ òbí kì í sọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọmọ kò bá tíì wọlé, ìyá kì í torí ìyẹn ti ilẹ̀kùn. Kí ìjọba padà máa gba iye náà lọ́dọọdún. Kí ilé-ìwé máa bèèrè lọ́wọ́ ọmọ tuntun, ọ̀dọ̀ ta ló ń gbé. Kí àwọn pásítọ̀, ààfáà àti ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la àwọn ará wọn lọ́yẹ̀ pé sísọ fún ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe fífi ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí ìyá bá mọ̀ pé ẹyọ kan ṣẹ́kù ni yóò tó gbé fìtílà jáde.